Countdown: tí ọ̀gá méjì bá pàdé, ṣé orí ló ń yanjú ẹ̀ àbí ọpọlọ?

Ṣadé_Leeds:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ìjà kan wà láàárín èmi àti àbúrò mi lórí WhatsApp láti ìrọ̀lẹ́ àná, mo ní kí n gbé e wá síbí kẹ́ ẹ bá wa dá a torí ọmọ náà ò fẹ́ gbọ́ tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba á mọ Countdown, ìdíje ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà orí tẹlifíṣọ̀n Channel 4. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ìyá òyìnbó kan wà tí mo máa ń lọ bá lọ́sàn-án, tó bá ti tó àkókò Countdown báyìí, kódà kí n gbé oúnjẹ síwájú wọn wọn ò ní wojú ẹ̀, wọ́n á ní kí n jókòó, kí n mú bírò àti ìwé. Láti 1982 ni wọ́n ti ń wò ó, ọdún tí Channel 4 gan-an bẹ̀rẹ̀, Countdown sì ni ètò tó kọ́kọ́ jáde lórí ẹ̀. Leeds níbí ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà yẹn, ìgbà tó yá wọ́n gbé e lọ sápá Manchester, ìyá náà ṣì ń bínú títí dòní bí ẹni pé wọ́n jí ẹrù wọn kó ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Èèyàn méjì ló ń kojú ara wọn. Ọ̀kan á máa pe lẹ́tà, "fáwẹ̀lì kan ẹ jọ̀ọ́, kọ́ńsónáǹtì kan ẹ jọ̀ọ́", títí á fi pé mẹ́sàn-án, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í ka 30 sẹ́kọ́ǹdù pẹ̀lú orin ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí àyà èèyàn já. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá gùn jù ló ni máàkì, lẹ́tà kan máàkì kan, àmọ́ tó o bá lo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, 18 ni wọ́n á fún ẹ. Tó bá kan nọ́ńbà, wọ́n á já mẹ́fà síwájú yín, wọ́n á wá fún yín ní nọ́ńbà kan láàárín 100 sí 999, ẹ ro ó, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in, kẹ́ ẹ ṣáà débẹ̀. Tó o bá bá a gẹ́lẹ́, 10. Tó bá ku márùn-ún tàbí kéré sí i, 7. Tó bá ku mẹ́fà sí mẹ́wàá, 5. Lẹ́tà ìgbà 10, nọ́ńbà ìgbà 4, wọ́n á wá fi Conundrum pa á dé: ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́sàn-án tí wọ́n ti da gbogbo ẹ̀ rú, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bẹ́lì tó sì gbà á ló ni 10.

Ìjà wa rèé. Àbúrò mi ní tí àwọn tó ti borí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tẹ̀léra bá pàdé ara wọn (Octochamp ni wọ́n ń pè wọ́n), gbogbo wọn ló ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló mọ ìṣirò, torí náà orí ló kù. Ẹni tórí ẹ̀ bá jí lọ́jọ́ náà ló máa jẹ ẹ́. Mo ní rárá o. Ẹ bá wa dá sí i.

Kay_Bódìjà:
Àǹtí mi ti gbé ẹjọ́ wá síta nìyẹn. Ó dáa. Èmi náà ni àbúrò, ẹ kí mi kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ohun tí mo sọ ò le. Ẹ lọ wo àwọn ìdíje àwọn ọ̀gá lórí YouTube, ìyẹn tí wọ́n máa ń kó àwọn tó ti gba ife jọ. Ìkíní, 7-7. Ìkejì, 8-8. Nọ́ńbà, 10-10. Ẹ ó rí i pé wọ́n kàn ń tẹ̀lé ara wọn bí ìbejì ni. Èwo ni ọpọlọ níbẹ̀? Ọpọlọ ti dọ́gba. Lójijì ni ojú ọ̀kan máa fo ọ̀rọ̀ kan, ó parí. Tí wọ́n bá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì ẹnì kejì ló máa jẹ ẹ́. Ẹ pe ìyẹn lórí tàbí kẹ́ ẹ pè é ní oríire, èmi ò bá yín jà.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Ẹyin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ kú ìjà àjọjà 😂 Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ orí tàbí ọpọlọ àmọ́ mo mọ̀ pé lẹ́tà márùn-ún ni mo máa ń rí lójoojúmọ́, tí mo bá rí mẹ́fà báyìí màá pariwo títí aládùúgbò á fi kan ilẹ̀kùn.

Bàbá_Sikírábù:
Kayọ̀dé (mo lérò pé Kayọ̀dé ni Kay), mo ti ń ta Sikírábù (Scrabble, eré tá a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ sójú pátákó) ní kílọ́ọ̀bù l'Ékòó láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ àgbà.

O ní oríire ni. Ní Sikírábù, èyí tó o sọ yẹn fẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́, torí inú àpò lo ti ń fọwọ́ mú lẹ́tà, èmi lè mú Q àti V àti ìdọ̀tí, kí ìwọ mú S méjì àti òfìfo tó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. Kò séwu, a ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ ní Countdown lẹ́tà kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń wò! Mẹ́sàn-án kan náà, aago kan náà. Níbo ni oríire fẹ́ gbà wọlé? Ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé ní Sikírábù, wọ́n ti tì í pa ní Countdown. Tó o bá pàdánù, ìwọ lo pàdánù o, kì í ṣe àpò.

Mo ní ẹ̀rí. Craig Beevers tó gba ife àgbáyé Sikírábù ní 2014, ọmọ Countdown ni tẹ́lẹ̀, ó ti jẹ ọ̀gá níbẹ̀ ní 2007. Ọdún tó tẹ̀ lé 2014 yẹn ni ọmọ tiwa, Wellington Jighere, lọ gbà á ní Perth ní Ọsirélíà, 4-0 ló fi na Lewis Mackay ọmọ England, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gba ife náà. Ní kílọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ yẹn, èèyàn sunkún o, mi ò purọ́.

Kay_Bódìjà:
Ẹ ṣé sà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé Jighere lè borí ní Countdown? Torí ohun tí wọ́n ń yìn àwọn ọmọ Naijiria fún nígbà yẹn ni pé wọn kì í wá ọ̀rọ̀ gígùn kiri, lẹ́tà mẹ́rin márùn-ún ni wọ́n fi ń dí ojú pátákó pa, tí wọ́n á sì fi lẹ́tà tó dáa pamọ́ sọ́wọ́. Ní Countdown, lẹ́tà mẹ́rin kò níyì kankan.

Bàbá_Sikírábù:
O gbọ́n o, ọmọ yìí. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Idà ọ̀tọ̀ ni, àkọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Díkíṣọ́nárì gan-an yàtọ̀, ti Collins la fi ń ta Sikírábù, ti Oxford ni Countdown ń lò, Susie Dent, onímọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń jókòó tì í nígun ọ̀hún láti 1992. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tá a fi ń jẹun ní Sikírábù, tó o bá gbé e débẹ̀ wọ́n á ní kò sí. Òdo nìyẹn. Sípẹ́lì Amẹ́ríkà náà, wọn kì í gbà á: kọ COLOR kó o wò ó. Torí náà ẹni tó bá ti Sikírábù lọ Countdown gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé ohun tó mọ̀, ó sì nira ju kéèyàn kọ́ ohun tuntun lọ.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni èyí. O ní gbogbo wọn mọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó dáa, jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní lẹ́tà tó jáde ni O C T A D E N U I. Ẹni tó ń wòran nílé máa wò ó títí, á rí EDUCATION, á fò sókè. Ọ̀gá á rí EDUCATION, AUCTIONED àti CAUTIONED lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ 18 kan ṣoṣo náà ni wọ́n máa fún un, wọn kì í sanwó ìmọ̀ tó ṣẹ́ kù. Nítorí náà láàárín àwọn ọ̀gá, ìmọ̀ ò kí ń yanjú ẹ̀. Ibi tá a dé yìí ni ìwọ ti dúró tó o ní orí ló kù. Rárá. Ọgbọ́n ìdúnàádúrà ló kù, bíi ti ìyá ọlọ́jà.

Ẹni tó bá pe lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ sọ iye tó rí. "Mo ní méje." Ẹnì kejì á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kejì yìí ní méje tó dá a lójú, ó tún ní mẹ́jọ kan tí kò dá a lójú bóyá ó wà ní díkíṣọ́nárì. Kí ló máa ṣe? Ẹni ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá gùn jù nìkan ló ń gba máàkì, tó bá dọ́gba àwọn méjèèjì á gbà á. Tó bá sọ méje, 7-7, kò sí wàhálà. Tó bá sọ mẹ́jọ tí wọ́n ní kò sí, ọ̀tá ẹ̀ gba 7, òun gba òdo. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ mẹ́fà ńkọ́? Á kàn fi méje ẹ̀ jẹ ẹ́, á gbé mẹ́jọ náà sápò. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá wá sọ mẹ́jọ? Méje ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kú nìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan tó máa pàdánù mọ́, á sọ mẹ́jọ náà, bó bá jẹ́ ikú bó bá jẹ́ ìyè. Ṣó o rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ìdáhùn tó ń yí padà nítorí ohun tẹ́nu ẹlòmíì sọ. Orí dà níbẹ̀?

Ṣadé_Leeds:
Ẹ ṣeun bàbá! Kay ṣé o gbọ́. Ìyá mi òyìnbó náà máa ń sọ ọ́, wọ́n ní "má wo ìwé ẹ, wo ojú ẹ̀".

Ẹ jẹ́ kí n fi ti nọ́ńbà kún un. Nọ́ńbà ńlá mẹ́rin ló wà, 25, 50, 75 àti 100, àwọn kékeré jẹ́ 1 sí 10, méjì méjì. Ẹni tó bá kan ló máa sọ iye ńlá tó fẹ́. Ẹni tó ń gbèsè kì í mú ńlá kan kékeré márùn-ún, torí ìyẹn ti rọrùn jù, àwọn méjèèjì ló máa gbà á, 10-10, gbèsè ẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà. Á ní kí wọ́n fún òun ní kékeré mẹ́fà, tàbí ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó le, kí ọ̀kan nínú wọn ṣubú. Ẹni tó wà níwájú ló ń wá ìrọ̀rùn. Tí mo bá ti gbọ́ "kékeré mẹ́fà" báyìí, mo ti mọ̀ pé ara ń ta ẹnì kan.

Ẹnu_Ò_Mẹ́nu:
Gbogbo wàhálà yìí, èló ni wọ́n ń gbà

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
@Ẹnu_Ò_Mẹ́nu ìkòkò tíì ni. Mi ò ṣeré o. Ìkòkò tíì tí wọ́n ṣe bí aago Countdown.

Ẹnu_Ò_Mẹ́nu:
Háà. Kì í ṣe owó?? Òyìnbó ò kì í ṣèèyàn. Mo ti lọ

Tísà_Máàtì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará ilé. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ọmọ ní Abẹ́òkúta, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ láti òkè ni mò ń kà mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ẹ ti dárúkọ ńlá mẹ́rin, ó ti tán, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ní 1997, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Martin ní kí wọ́n fún òun ní ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó jáde: 25, 50, 75, 100, 3, 6. Wọ́n ní kó mú 952 wá. Aago tán. Wọ́n ní kó sọ ọ̀nà tó gbà. Ó ní 100 àti 6, 106. Ó ní ìlọ́po 3, 318. Ó wá ní ìlọ́po 75. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín torí 23,850 nìyẹn, 952 la ń wá, kí ló ń wá lọ sí ẹgbàá lọ́nà méjìlá! Kò dá wọn lóhùn. Ó ní yọ 50, 23,800. Pín in sí 25. 952. Gbogbo ilé wá gbọn ìjìnnìjìnnì.

Fídíò yẹn, mo máa ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ tán, mo máa ń bi wọ́n pé: ṣé lóòótọ́ lẹ rò pé ó ń ṣírò 318 lọ́nà 75 lórí láàárín 30 sẹ́kọ́ǹdù? Ẹ fara balẹ̀ wò ó. 75 pín sí 25, 3 ni. 50 pín sí 25, 2 ni. Nítorí náà ohun tó ṣe gan-an ò ju 106 lọ́nà 3 lọ́nà 3, kó yọ 2. 954 yọ 2. Ó parí! Ó nílò 3 kejì, kò ní in. Ó nílò 2, kò ní in. Inú 75 àti 50 ni wọ́n sá pamọ́ sí, 25 ló sì lè fà wọ́n jáde, 25 sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kò lè lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan, ó wá fi 25 pín gbogbo àpò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń wo òkè ló ń rí ẹgbẹ̀rún, òun 9 ló ń wò.

Ọ̀nà míì wà tó rọrùn: 100 àti 3, 103, lọ́nà 6, lọ́nà 75, pín sí 50, fi 25 kún un. 75 lórí 50 jẹ́ ẹyọ kan àbọ̀, ìlọ́po 6 jẹ́ 9. 103 lọ́nà 9 jẹ́ 927, fi 25 kún un, 952. Ẹ rí 9 yẹn tó tún yọjú? Kayọ̀dé, orí kọ́ lèyí o.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ̀yin ará Naijiria ń pè é ní Porto-Novo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn òyìnbó gẹ̀ẹ́sì gba iyì tí kì í ṣe tiwọn. Faransé ló ni eré yìí! Des chiffres et des lettres, 1965 ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni nígbà náà, orúkọ ẹ̀ ni Le Mot le plus long, ìgbà tó di 1972 ni nọ́ńbà wọ̀ ọ́. Àwọn ará England rí i, ó wù wọ́n, wọ́n gbé e lọ. Ní ilé wa, bàbá mi á tan TV5, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mí. Tiwọn lẹ́tà mẹ́wàá ni wọ́n ń lò gbẹ̀yìn, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Wọ́n ti pa á rẹ́ báyìí, 2024 ni wọ́n dá a dúró, bàbá mi ò sì tíì dárí jì wọ́n.

Ẹ sì wo eléyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ Sikírábù: Nigel Richards ará New Zealand gba ife àgbáyé Sikírábù Faransé ní 2015, kò sì gbọ́ Faransé. Ó kàn há díkíṣọ́nárì sórí ni. Èmi tí mo fi Faransé jẹun, tí mo fi lọ ilé ìwé, ó lè na èmi àti bàbá mi pọ̀ kó má sì lè béèrè omi lọ́wọ́ wa.

Bàbá_Sikírábù:
Ọmọ Àjàṣẹ́ o káre. Ti Nigel yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Kayọ̀dé tó bá jẹ́ lórí Nigel lo ti sọ pé orí ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn.

Kay_Bódìjà:
Ẹ gbà díẹ̀ nìyẹn 😁

Tísà ẹ jọ̀ọ́, àlàyé 952 yẹn dùn gan, mo ti wo fídíò yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mi ò mọ̀ pé 9 ló sá pamọ́ síbẹ̀.

Tísà_Máàtì:
Jẹ́ kí n fi kún un. Ká ní wọ́n bi bàbá mi àgbà pé kí ni 952, kí ni wọ́n máa sọ? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lé méjìléláàádọ́ta. Ẹ tú u wò. Igba lọ́nà márùn-ún, ẹgbẹ̀rún. Yọ ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ogún lọ́nà mẹ́ta, ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá, àádọ́ta. Fi méjì lé e. Ẹ kọ ọ́ bí ti Countdown: 200 × 5 − 100 + 20 × 3 − 10 + 2. Ìyẹn ni pé bàbá mi àgbà ti yanjú 952 kí wọ́n tó bí James Martin, wọn ò sì mọ̀ pé ìṣirò ni àwọn ń ṣe, wọ́n rò pé àwọn kàn ń kà á ni.

Ohun tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi ń ṣe báyìí ni pé wọ́n máa ń gun òkè láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa rò ó díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á kọjá ibẹ̀, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Yorùbá ṣe ń ka márùndínlógún, ẹ̀tàdínlógún. A lọ sí ogún ká tó padà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ wọn níṣirò, ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ti ń parẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó máa ń dùn mí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Tísà ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá o jàre, ẹ fún wa ní ìdíje! Kay àti Bàbá Sikírábù, ẹ jáde. Ká wo ẹni tórí ẹ̀ jí àti ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ jí.

Bàbá_Sikírábù:
Mo ti wọ bàtà mi.

Kay_Bódìjà:
Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà o, mi ò fẹ́ na bàbá yín. Ó yá.

Tísà_Máàtì:
Ó dáa, nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan, Conundrum kan. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà, ẹ fi Ọlọ́run bẹ ara yín. Nọ́ńbà: 75, 9, 8, 4, 3, 2. Mo ń wá 641.

Kay_Bódìjà:
75 lọ́nà 8 = 600. 9 lọ́nà 4 = 36. 3 àti 2 = 5. 641!!!

Bàbá_Sikírábù:
641. 75 lọ́nà 9, 675. 8 lọ́nà 4, 32, mo yọ ọ́, 643. Mo yọ 2. Ọmọ ọba 3 jókòó ńlé ó ń sinmi.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Èmi 640 o. 75 àti 3 àti 2, 80, lọ́nà 8. Mo wá 1 títí ara mi bu máṣọ. Ẹ fún mi ní 7 mi.

Tísà_Máàtì:
10-10. Ìyá Ìbejì ẹ gba 7 yín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì gbà á àmọ́ ẹ wo ọ̀nà. Kayọ̀dé gun àkàbà, Bàbá kọjá sí 675, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́tà, àmọ́ Yorùbá ni lọ́tẹ̀ yìí, ká má gbé e fún òyìnbó nìkan. W, O, A, Ṣ, O, L, I, O, N. Àmì ohùn ò kàn wá, ẹ fi èyí tó bá wù yín sí i. Bàbá ló máa kọ́kọ́ sọ iye.

Bàbá_Sikírábù:
Méje.

Kay_Bódìjà:
Méje! Mo ní olówó, márùn-ún, ó dá mi lójú, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi márùn-ún ṣe níwájú méje. Èmi náà méje.

Tísà_Máàtì:
Ẹ sọ wọ́n.

Bàbá_Sikírábù:
Oníṣòwò.

Kay_Bódìjà:
Oníṣọ̀nà.

Tísà_Máàtì:
Oníṣòwò wà, o n i ṣ o w o, ó pé. Kayọ̀dé, oníṣọ̀nà ní ọ, o ni mo fún yín, n sì jẹ́ ẹyọ kan, o lo méjì.

Kay_Bódìjà:
Fóònù mi ò ní àmì ìsàlẹ̀ ni.

Tísà_Máàtì:
Ó ní ti ṣ àmọ́ kò ní ti ọ? O sì tẹ ọ síbẹ̀ fúnra ẹ. 17-10.

Bàbá_Sikírábù:
Ẹ rí i, ohun tí mo sọ lókè ló ṣẹlẹ̀ yìí. Méje mi ló lé e kúrò nídìí olówó. Ká ní òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbá sọ márùn-ún, ìbá sinmi. Kay, mi ò bá ẹ jà o, ohun tó yẹ kó o ṣe gan-an lo ṣe, kò kàn bọ́ sí i ni.

Kay_Bódìjà:
Kò kàn bọ́ sí i ni. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn o! Kí là ń pe ìyẹn lédè Yorùbá, ṣe bí orí ni?

Ṣadé_Leeds:
😂😂 Ó mú yín bàbá. Tísà ẹ tètè gbé Conundrum wá, 7 ló wà láàárín wọn, ẹni tó bá gbà á ló jẹ ẹ́. Ẹ rántí o, tẹ́ ẹ bá dáhùn tí kò tọ̀nà, ẹ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, àkókò tó kù ti ẹnì kejì ni.

Tísà_Máàtì:
Gẹ̀ẹ́sì. GARDENTIP.

Kay_Bódìjà:
DEPARTING

Bàbá_Sikírábù:
PREDATING.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Ìṣẹ́jú kan náà ló gbé wọn jáde lọ́dọ̀ mi o. Èwo ni?

Tísà_Máàtì:
Yéè. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Àṣìṣe tèmi ni, Conundrum kò yẹ kó ní ìdáhùn méjì, mi ò rí PREDATING rárá. Ẹ fagi lé e. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, Yorùbá ni mo fẹ́ fi ṣe é, ẹ ò ní lè fi díkíṣọ́nárì Sikírábù yín dójú tì mí níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. OJUILADIN.

Kay_Bódìjà:
Ojú ilá dín? Ta ló ń dín ojú ilá

Bàbá_Sikírábù:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́ mo ń ronú.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Olùdání... kò tó. Ẹ má kà á fún mi.

Kay_Bódìjà:
Adúlójínì 😭 mo mọ̀ pé kò sí

Tísà_Máàtì:
O ti ṣì í, o ti kúrò níbẹ̀. Bàbá ló kù.

Ṣadé_Leeds:
Ìdánilójú.

Tísà_Máàtì:
Ó wà! Ìdánilójú. Àmọ́ Àǹtí Ṣadé, ẹ ò sí nínú ìdíje.

Ṣadé_Leeds:
Èmi kọ́ o. Mọ́mì wa ló wà nílé pẹ̀lú mi lóṣù yìí, wọ́n ń wò mí lẹ́yìn èjìká, wọn ò tíì dé "ojú ilá" tán tí wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí ẹ ń pè ní Countdown.

Bàbá_Sikírábù:
17-10 ṣáà ló wà. Mo ṣì jẹ ẹ́.

Kay_Bódìjà:
Mọ́mì!! Ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an?

Ṣadé_Leeds:
Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé ẹ̀yìn ìkòkò tíì làwọn wà, ìgbà wo lẹ máa gbé e wá.